Grote Reber: Ó fi pákó àti páànù gbọ́ ohùn ìràwọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ lónìí, ká sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú, tí kò sì yẹ ká gbàgbé. Grote Reber lorúkọ ẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni, ẹnjiníà rédíò sì ni.

Ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1911 ni wọ́n bí i, ìlú Wheaton, nítòsí Chicago, ló sì dàgbà sí. Kékeré ló ti fẹ́ràn rédíò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé rédíò tí wọ́n tò fúnra wọn sínú yàrá ni wọ́n fi ń bá ẹni tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Kì í ṣe tìtorí owó o, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Ìjọba á fún kálukú wọn ní àmì tí yóò máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. W9GFZ ni ti Reber. Ó bá wọn sọ ọ́ títí, orílẹ̀-èdè tó bá sọ̀rọ̀ lé ní 60. Ó wá ku ibo? Ó ku ojú ọ̀run.

Ní 1933 ni Karl Jansky, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Bell, kéde pé ariwo kan ń wọ rédíò òun, kì í ṣe ti èèyàn, kì í ṣe ti àrá, àárín àwọn ìràwọ̀ ló ti ń bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún Jansky, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ kú síbẹ̀. Reber ní kí Bell gba òun síṣẹ́, wọn ò gbà á, torí ọ̀dá owó mú Amẹ́ríkà gan-an lásìkò yẹn.

Ṣé ó wá jókòó? Rárá o. Ní 1937, ó fi owó àpò ara ẹ̀ ra pákó àti páànù, ó sì kan díìṣì kan sẹ́yìnkùlé ìyá ẹ̀. Ẹ mọ díìṣì tẹlifíṣàn tó máa ń wà lórí òrùlé, àmọ́ ti Reber fẹ̀ ju mítà 9 lọ! Àwọn ará àdúgbò ń wò ó bí ìran, àwọn ọmọdé ń gùn ún, wọ́n ní ìyá ẹ̀ pàápàá a máa sá aṣọ sí i.

Lójú ọ̀sán, Reber wà níbi iṣẹ́ ní Chicago. Lóru tí ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, tí iná pílọ́ọ̀gì wọn ò da rédíò rú, ló ń tẹ́tí sọ́run. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń yí rédíò yín láti orí nọ́ńbà kan sí òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí 3,300 megahertz, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ẹ̀rọ ṣe, ó bọ́ sí 900, pàbó ló já sí. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé 160 ni ohùn ìràwọ̀ wọlé. Ní 1940, ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, Astrophysical Journal, gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde. Ní 1944, ó ya àwòrán ojú ọ̀run bí rédíò ṣe rí i. Fún bí ọdún mẹ́wàá, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láyé. Lẹ́yìn ogun ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rọ́ dé.

Ní 1954, ó kó lọ sí Tasmania, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ó dàgbà, àmọ́ kò fẹ̀yìn tì nínú ìfẹ́ ẹ̀: ó na wáyà sórí òpó káàkiri pápá tí àgùntàn ti ń jẹko ní Bothwell, ó ṣì ń tẹ́tí. Tasmania ló kú sí lọ́jọ́ 20, oṣù Kejìlá, 2002, ó ku ọjọ́ méjì kó pé ẹni ọdún 91. Wọ́n pín eérú òkú ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi rédíò wo ìràwọ̀ lágbàáyé. Díìṣì ẹ̀ wà ní Green Bank, West Virginia, títí dòní.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló rántí iye tí Reber ń gbà lóṣù? Èyí tó ṣe lóru, láìgba kọ́bọ̀, lorúkọ ẹ̀ fi wà. Àmọ́ ẹ fiyè sí i o: kò fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó ra páànù, owó oṣù ló fi rà á. Ẹni tí nǹkan kan bá ń wù ú ṣe, kó má jẹ́ kó kú sí i nínú. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ ń tú rédíò palẹ̀ ní pálọ̀, kó má tètè pariwo lé e lórí. Ká ní ìyá Reber ti ní kó kó pákó ẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé òun ńkọ́?

Ó dàárọ̀ o, W9GFZ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.