Asẹ́ Inú Àpótí Lẹ́tà

Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí mọ iṣẹ́ asẹ́: kí ògì kọjá, kí èérí dúró. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, èérí á bá ògì lọ. Bí ó bá há jù, ògì tó dára á bá èérí dúró. Asẹ́ kò mọ ohun tí a fẹ́ jẹ. Bí a bá ṣe ṣe é ni yóò ṣe sẹ́.

Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí íméèlì wa, èdè Faransé ń pè é ní « filtre ». Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a kọ́ níwèé ni ó jẹ́ kí a mọ bí ó ti lè ṣe wá lóore tàbí kí ó pa wá lára.

Lẹ́yìn tí ó yege « bac », ó kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ láti kàwé ní òkè òkun. Àwọn oníjìbìtì tí ìgboro ń pè ní « gaïman » sì ń kọ̀wé sí i lójoojúmọ́, wọ́n ń ṣèlérí « bourse » bí ó bá lè kọ́kọ́ sanwó. Ó sú u. Ó ṣe asẹ́ pé kí gbogbo lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà « bourse » bá wà nínú rẹ̀ máa bọ́ sí « Corbeille » tààrà. Nígbà tí lẹ́tà tòótọ́ dé, tí wọ́n ní kí ó fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 10, ibẹ̀ náà ni ó bọ́ sí. Ọjọ́ 17 kọjá kí ó tó rí i. Wọ́n ti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: ẹni tí à ń retí ni kí a ṣe asẹ́ fún, kì í ṣe ohun tí a kórìíra. Olóòótọ́ àti òpùrọ́ ni ó ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń lo Gmail, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, nítorí áàpù orí fóònù kò fàyè gba ṣíṣe asẹ́. Ẹ tẹ àmì tó wà ní apá ọ̀tún àpótí ìwádìí lókè, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ yín síwájú « De », kí ẹ sì tẹ « Créer un filtre ». Ẹ yan « Appliquer le libellé » kí lẹ́tà náà lè ní àmì tirẹ̀, kí ẹ sì yan « Ne jamais envoyer dans le dossier Spam » kí ó má baà ṣìnà. Ní ti oníjìbìtì, ojoojúmọ́ ni ó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. « Signaler comme spam » ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Ẹni tó ń sẹ́ ògì kì í tètè da èérí nù. Ó máa ń tún bu omi sí i, kí ògì tó kù lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ « Spam » àti « Corbeille » wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ 30, Gmail yóò pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Ọmọ wa ti tún kọ̀wé lọ́dún yìí. Ó ti yọ asẹ́ àtijọ́ náà kúrò. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni asẹ́ tuntun rẹ̀ ń ṣọ́.