Ẹ Má Ṣe Wa Mọ́tò Gun Iyanrìn Òkun

Ọdún Kérésìmesì tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ajé ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé. Bí ẹ bá kí ará ilé tán, àwọn ọmọ yín tí ẹ bí sí ìdálẹ̀, tí wọn kò rí òkun rí, yóò ní kí ẹ mú àwọn lọ wò ó ní Èkó. Ohun tí ẹ óò gùn débẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

A mọ bí ọ̀rọ̀ mọ́tò ti rí lára ará ìdálẹ̀. Òun ni ẹ̀rí pé ìrìn àjò san wá, ẹni tí ó sì wà á láti Kánò kò ní fẹ́ gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa wà á gun iyanrìn títí dé ibi tí ìgbì ń fọ́ sí, a kò sì fara mọ́ ọn. Ewéko tí ń fà nílẹ̀ níbẹ̀ ni ó di iyanrìn mú tí afẹ́fẹ́ kò fi gbé e lọ. Táyà ni ó ń pa á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an sì ni ìjàpá òkun máa ń gòkè lóru wá yé sínú iyanrìn. Táyà a máa tẹ ẹyin rẹ̀ fọ́. Ọmọ tí ó bá sì pa, ojú táyà ni yóò há sí kí ó tó dé omi.

Àgbádárìgì ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbé mọ́tò sí ilé ẹbí. Ọkọ̀ ojú irin tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ń ti Marina lọ sí Mile 2, kìlómítà 13. Iná mànàmáná ni ó ń lò, kò ní èéfín. Láti Mile 2, ẹ bá èrò wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀sà ni ó wà láàrín ìlú Àgbádárìgì àti òkun. Bí ẹ bá rí ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ tí yóò tù yín sọdá sí Gberefu, tirẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Kì í da epo sí omi tí apẹja ń dẹ àwọ̀n sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fẹsẹ̀ rìn, bí ọlọ́kadà tilẹ̀ ń pè yín. Ọ̀nà iyanrìn yẹn ni wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, tí wọn kò padà mọ́. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín yóò bi yín ní ìbéèrè tí ọmọ inú mọ́tò kò ní bi.

Ti Tarkwa Bay yàtọ̀. Kò sí títì débẹ̀, ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun ńláńlá sì ni omi rẹ̀, nítorí náà a kò gbà yín níyànjú ọkọ̀ àjẹ̀. Ẹ bá èrò pín ọkọ̀ ẹ̀ńjìnì kan, kí ẹ má ṣe dá odidi ọkọ̀ háyà nítorí ẹni méjì, kí tọmọdé tàgbà sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, iyanrìn ni yóò wà á gùn. A ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ etí òkun kí wọ́n pèsè ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó ní olùṣọ́, kí wọ́n sì fi igi dínà mọ́tò ní ẹnu iyanrìn kí èrò ọdún tó dé.