Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Dé Òkè-Aró, Ìpàdé Yá

Ẹ̀yin ará wa tuntun, owó ilé Agége àti Ìkẹjà ló lé ọ̀pọ̀ yín dé Òkè-Aró ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ti ra ilẹ̀, ẹ ti san owó ọmọ onílẹ̀, ẹ ti gbẹ́ kànga, ẹ ti ra jẹnẹrétọ̀. Ohun tó kù ni kí ẹ gbà pé ibí ni ẹ ń gbé. Orúkọ gómìnà Èkó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ ó máa wo ara yín lójú ni.

Kò yà mí lẹ́nu. Bírò ni wọ́n fi fa ààlà tó wà láàárín àwa àti Èkó. Títí di ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni àwa àti Agége àti Ìkẹjà wà, Ìbàdàn ni gbogbo wa ń wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, Ìkẹjà sì bá Èkó lọ. Àwa dúró sẹ́yìn títí di ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Àwọn Àwórì àti Ẹ̀gbá tí wọ́n ti ń dáko káàkiri agbègbè yìí kò mọ ìyàtọ̀ kankan nínú ilẹ̀ náà. Títí dòní, èèyàn lè jí ní Ògùn kó lọ ra búrẹ́dì ní Èkó kí omi tíì tó hó lórí iná.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ omi. Ní Akúté, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ tiwa yìí, ni wọ́n ti ń fa omi odò Ògùn lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú, èyí tó ti ń pọnmi fún Èkó láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwa ńkọ́? Ẹ dúró síta ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke bọ̀ nínú yanrìn, kẹ́ẹ̀gì tò gbàgàdà lórí rẹ̀, táyà ń ké, ìyá kan sì ń ná an ní ẹnu géètì. Onílé tó ní bọ́háòlù ń tà fún aládùúgbò. N ò ní kí Èkó má mumi. Ará wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ẹni dákẹ́. Ta ló ti kọ̀wé láti àdúgbò yín pé kí omi Akúté yà sọ́dọ̀ wa díẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó, ó gba Àgbàdo àti Ifọ̀ kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ Red Line ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Àgbàdo, gba Ìjú àti Agége, títí dé Oyíngbò. Ohun amáyédẹrùn ńlá ni, ó sì wà lẹ́bàá wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ọ̀nà Àgbàdo dé ibùdókọ̀ náà lẹ́yìn òjò, ẹ ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, oní-Márúwá á sì ti sọ owó di ìlọ́po.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbóòórùn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró, ẹ sì ti yínmú. Ẹ má yínmú mọ́. Ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, òun ló sì jẹ́ kí àwọn tí kò mọ Ifọ̀ rárá mọ orúkọ wa. Nígbà tí àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ jà níbẹ̀ ní ọdún 2020, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ ló kú. Àwọn tó ń sìn wọ́n ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ síta, ìròyìn wọn sì dé òkè òkun. Àwa onílé àti ayálégbé, ohùn tiwa kò tíì dé Ifọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé káàdì ìdìbò yín wálé. INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbà kí ẹni tó bá kó kúrò níbì kan gbé orúkọ rẹ̀ lọ síbi tó ń gbé, ìdìbò ọdún 2027 kò sì jìnnà mọ́. Wọ́ọ̀dù tiwa ni Òkè-Aró/Ìbarágùn/Robiyan. Ọdún 2006 ni wọ́n ka iye èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, kí ọ̀pọ̀ yín tó dé. Bí ẹ kò bá sí nínú ìwé orúkọ olùdìbò níbí, ìwé wo ni ìjọba fẹ́ fi mọ̀ pé ẹ wà? Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí a ó bi léèrè ti sún mọ́ wa.

Ẹ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) pẹ̀lú. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: ariwo ni wọ́n ń pa níbẹ̀, owó transformer ni wọ́n ń gbà ṣáá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin alága CDA náà, ẹ yé ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé; ẹrẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì fi fóònù gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó kù: ta ló kọ́kọ́ dáko níbí, odò wo ni wọ́n dí, ọ̀nà wo ni ilé ti bò.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé kan ṣoṣo sí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, lórí ọ̀nà Àgbàdo àti omi Akúté. Kí ilé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ̀ka. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ọ́fíìsì wọn ní Ifọ̀ ni a ó ti ṣe ìpàdé tó tẹ̀lé e.