Ta ló ń ṣọ́ ayé nígbà tí ẹ bá sùn?

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àbí kí n kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ àìróorunsùn ni.

Bí ẹ bá ń gbé ní Pápá Àjàó níhìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ariwo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ á rọlẹ̀, á wá ku ariwo jẹnẹrétọ̀ àti igbe ọmọ tí ooru ń dà láàmú. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì òru, jẹnẹrétọ̀ gan-an á ti dákẹ́, nítorí ta ló fẹ́ jó bẹntiróòlù títí ilẹ̀ á fi mọ́? Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń la ojú sílẹ̀ kalẹ̀. Owó ilé ti tó san. Owó ilé ìwé kò tíì pé. Bàbá ń ro orúnkún tó ń dùn ún, ìyá ń ro ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Tí wọ́n bá máa fi gbọ́ ìpè àsùnbáà, orí ti ń fọ́ wọn.

Ìyá kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa, oúnjẹ ló ń tà fún àwọn oníṣòwò ní Ládípọ̀. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà, pé ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀, ó ní Líbíà lòun ń lọ. Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, ló ti pè kẹ́yìn, látìgbà náà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Alaalẹ́ ni màmá yìí máa ń gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé fóònù lé itan, á máa wo géètì. Nígbà tó yá, ó ní nǹkan ń rìn nínú orí òun bí èèrà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ rù. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò tì. Ó ní ó ń mú òun tòògbé, ẹnì kan sì tún ti sọ fún un pé ẹni tó bá ń gbàdúrà kò gbọ́dọ̀ máa gbé oògùn mì, pé àìnígbàgbọ́ ni.

Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sùn." Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá sùn, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

N kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo rí i pé màmá yìí ti tú àṣírí gbogbo wa. Iṣẹ́ la ka àníyàn sí. A rò pé àìsùn wa ló di ọmọ mú ní ibi tó wà, pé bí a bá gbé e sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, nǹkan á já bọ́.

Kí n tó sọ ohun tí mo padà lọ sọ fún un, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ara. Bí èèyàn bá rí ejò, omi ara kan máa ń tú jáde láti orí kíndìnrín, ọkàn á máa sáré, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ẹsẹ̀ á fẹ́ sá. Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀, ó sì dára, torí òun ló ń gbani lọ́wọ́ ejò. Àmọ́ ohun tó ń gbani là lè pani. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, 2002, ẹ kò lè gbàgbé, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Níhìn-ín, fèrèsé ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ayé ń sáré, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Àwọn kan sáré títí dé odò Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Ewéko ti bo ojú omi náà, nínú òkùnkùn ó dà bí ilẹ̀ lójú wọn, ni wọ́n bá bọ́ sínú rẹ̀, tọmọ tìyá. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú omi yẹn ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì kú sí, níbi tí bọ́ǹbù kankan kò dé. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o, ẹsẹ̀ lásán lèmi náà fi sá jáde.

Ẹ̀rù ọjọ́ kan nìyẹn. Àníyàn ni ẹ̀rù tó ń wá lálaalẹ́, tí kò rí ejò kankan sá fún. Bí ọkàn bá ń sáré bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí oorun kò sì sí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa le sí i. Ti nǹkan tó ń rìn nínú orí, àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ìwádìí lórí ọdẹ orí yìí ní 1987, ó sì rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ayé ló ń rán an sí yín.

Mo padà lọ bá màmá. Mo bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn ní 2006. Ó ní kí ló máa ṣe òun tóun ò ní í rántí.

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 29, oṣù Kẹta. Ìjọba ti ń kéde lórí rédíò ṣáájú pé òṣùpá máa bọ́ sáàárín ayé àti oòrùn, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wò ó. Ó nídìí tí wọ́n fi ń kéde. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 2001, nígbà tí òjìji ayé bo òṣùpá lóru, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri fi ìbínú jáde, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á, wọ́n sì dáná sun òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Ní ti 2006, nígbà tó kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní Èkó níbí. Ní Lomé, òkùnkùn bolẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà oòrùn yọjú padà, àwọn ọlọ́jà sì ń bá ọjà wọn lọ. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ẹ bi wọ́n léèrè ti ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, 1947, tí ọ̀sán dòru nílẹ̀ Yorùbá.

Àwọn onímọ̀ ti mọ ọjọ́, wọ́n ti mọ wákàtí, kó tó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ rò ó wò ná. Kì í ṣe àwọn ló ń ti òṣùpá. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé òṣùpá kì í ṣì í. Nínú gbogbo wa tí a dúró sójú títì lọ́jọ́ náà, ta ló na ọwọ́ kan láti bá oòrùn gbé ara rẹ̀ padà? Mo ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣọ́ oòrùn."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Oòrùn kì í ṣe ọmọ mi."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwé Jóòbù nínú Bíbélì, torí ọmọ Jóòbù ló kú, kì í ṣe oòrùn ló sọnù. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run máa dá a lóhùn ní orí 38, kò ṣàlàyé ìdí ìyà kankan fún un. Ìbéèrè ló ń bi í, nípa ìpìlẹ̀ ayé, nípa ẹnu ọ̀nà òkun, nípa ìràwọ̀, títí kan ẹyẹ ìwò tí ọmọ rẹ̀ ń ké fún oúnjẹ. Kí n má purọ́, n kò mọ̀ bóyá irú èsì bẹ́ẹ̀ máa tẹ́ mi lọ́rùn ká ní èmi ni. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ Jóòbù lọ́rùn. Ó rí i pé ayé kò sí lọ́wọ́ òun, àti pé kò sì wà láìsí ọwọ́ tó dì í mú.

Ẹyẹ náà ni Jésù tọ́ka sí nínú ìwé Mátíù orí kẹfà nígbà tó ń sọ̀rọ̀ àníyàn, Súrà Al-Mulk nínú Kùránì náà sì mẹ́nu kan àwọn ẹyẹ tí Ọlọ́run gbé ró lókè. Lékeléke ni mo máa ń fi wò ó, àwọn tí a ń na èékánná sí ní kékeré pé kí wọ́n fún wa ní funfun. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á dé sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí òjò bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbéra lọ sókè Ọya lọ pamọ. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní kàlẹ́ńdà. Ẹ kíyè sí i pé lékeléke kì í jókòó sórí igi retí kí tata wá bá òun o. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ló máa wọ̀ sórí igi, á sì sùn.

Èyí tó wá wọ màmá lára ni ti ọkàn. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọkàn ọmọ èèyàn ń lù tó ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún (100,000) lóòjọ́, lójú oorun náà, láìjẹ́ pé a rán an létí. Mo ní nígbà tí ọmọ yìí wà níkùn yín fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹ sùn, ẹ jí, ta ló ń lu tirẹ̀? Ẹni náà kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí." Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 190 lórí 110. Bí tiyín bá ń lé sí 140 lórí 90 ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n, dókítà ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ẹ má dúró dìgbà tí orí bá fọ́ yín, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ni lórí rárá. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Tó bá ń mú yín tòògbé, ẹ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàdéédéé rí i pé ẹnu òun wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. LUTH kò jìnnà sí wa, Ìdí-Àràbà níbí ni.

Ní ti oorun, ẹ gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ fún ẹnì kan tó máa ń pẹ́ sùn nínú ilé kó bá yín gbé e dání. Ẹ má mu kọfí tàbí jẹ obì lálẹ́. Ohun tí ẹ bá lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà lọ́la, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó sùn, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́. Èyí tí ẹ kò lè ṣe, ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, kẹ́ ẹ sì dùbúlẹ̀. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, tí ayé sú yín, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà, láti 1907 ló ti wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábà ń bani lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ èrò lọ, wọ́n ń gba oògùn wọn, wọ́n sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ náà kò tíì pè. Màmá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn wá èèyàn, ó ń gbàdúrà fún un láàárọ̀ lálẹ́, àpò oògùn rẹ̀ sì wà lórí tábìlì kan náà tí Bíbélì rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 148 lórí 90 ló jẹ́. Lánàá, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gbọ́ tó ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun fọ́n iná, pé òun ti sùn kọjá àkókò.