Ẹni Tí Ó Da Epo Síwájú

 

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da epo bẹntiróò síwájú ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé ní Dùgbẹ̀ wa níbí, a ń rí alùpùpù tí a so kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìyá ọlọ́jà pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó sì jókòó láàárín kẹ́ẹ̀gì àti ẹni tí ń gùn ún. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní Ìsẹ́yìn ni àwọn ń lọ, tàbí Òkèhò, tàbí Ṣakí, àwọn kò sì fẹ́ kí epo tán mọ́ àwọn lójú ọ̀nà.

N kò bá wọn wí pé wọ́n ronú ọ̀la. Ojú wa ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹni tí ó ti tò sórí ìlà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kò ní fẹ́ tún lọ tò ní ìlú mìíràn. Ẹni tí ó sì ti ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Alùpùpù kékeré tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, táńkì rẹ̀ a máa gba nǹkan bí lítà 10. Bí mẹkáníìkì bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lítà kan lè gbé e rìn tó 40 kìlómítà. 10 lọ́nà 40 jẹ́ 400. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ jẹ́ kí a pè é ní 300. Láti Dùgbẹ̀ dé Ṣakí kò tó 200 kìlómítà. Dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 100 lọ. Ẹni tí ó bá rọ epo kún táńkì ní Ìbàdàn yóò dé Ṣakí, epo yóò sì ṣẹ́kù. Yóò lọ Ògbómọ̀ṣọ́, yóò sì bọ̀. Kí wá ni kẹ́ẹ̀gì ń wá lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n ṣe alùpùpù tilẹ̀ ti bá wa pa epo mọ́. Lábẹ́ táńkì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ yí. Bí epo òkè bá tán, a ó yí i sí apá ìpamọ́, epo díẹ̀ tí ó kù nísàlẹ̀ a sì gbé wa dé ilé epo. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti yí i sí apá ìpamọ́ láti ọjọ́ tí ó ti rà á, kò sì dá a padà mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti na owó àpamọ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kẹ́ẹ̀gì fi ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe epo tí a fi ojú rí gan-an ni iná ń mú, bí kò ṣe èémí rẹ̀, èyí tí imú wa ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí òórùn. Bí ó ti wù kí ọyẹ́ mú tó, epo bẹntiróò ń mí. Èémí náà sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rá lọ bí ejò, títí yóò fi bá iná ìyá alákàrà tàbí ìṣáná ẹni tí ń mu sìgá. Bí iná bá mú un níbẹ̀, yóò tọ ipa ọ̀nà tí ó gbà wá padà sí ìdí kẹ́ẹ̀gì.

Epo tún ń wú. Lítà 10 tí a rà ní ìdájí, bí oòrùn bá fi ìwọ̀n 20 Sẹ́ńsíọ̀sì kún gbígbóná rẹ̀, yóò fẹ̀ sí i tó ìdá kan nínú márùn-ún lítà, ìyẹn ife tíì kékeré kan. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti kún dé ẹnu, níbo ni ife kan yìí yóò gbà? Yóò jò sórí ẹ̀rọ gbígbóná, nítòsí púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná.

Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Benin ti fi ojú rí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pẹ́ tí epo Nàìjíríà ti ń gba ẹnu ibodè lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu lórí alùpùpù. Kpayo ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ayédèrú lédè Gùn. Ẹnìkan a to kẹ́ẹ̀gì yí ara rẹ̀ ká títí a ò fi ní rí alùpùpù mọ́, orí rẹ̀ nìkan ni a ó máa rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, lẹ́bàá ibodè gan-an. Àwọn tí ó kú lé ní 30, ọmọ ọwọ́ sì wà nínú wọn. Kí ni ọmọ ọwọ́ mọ̀ nípa òwò epo?

Ohun tí a ń rọ epo sí pàápàá ní ọgbọ́n nínú. Nígbà ogun Hitler, agolo tín-ín-rín ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé epo nínú aginjù ìhà àríwá Áfíríkà. Ó ń jò, ó ń ya, epo púpọ̀ a sì ṣòfò. Àwọn ará Jámánì ti fi irin líle ṣe tiwọn kí ogun tó dé: lítà 20, ọwọ́ mẹ́ta, ìdérí tí ń dé pinpin, àti àyè afẹ́fẹ́ nínú kí epo lè ráyè wú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n ṣe irú rẹ̀. Jerry ni wọ́n ń pe ará Jámánì nígbà náà, ibẹ̀ ni orúkọ jerrycan ti wá. Ẹ wá wo kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà tí a fi ọ̀rá dí lẹ́nu, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọmọ ìyá ni wọ́n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Èkíní, inú táńkì ni kí ẹ pa epo yín mọ́ sí. Ẹ rọ ọ́ kún kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ó bá dín sí ìdajì, ẹ tún un rọ ní ìlú tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, ẹ má dúró dìgbà tí yóò tán.

Èkejì, bí ọ̀nà oko yín bá jìnnà sí ilé epo tí kò sì sí ọgbọ́n mìíràn, lítà 2 tó. Ó lè gbé yín rìn tó 60 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò tí a ṣe fún epo bẹntiróò ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́, kì í ṣe orí alùpùpù, nítorí pé rọ́bà tí a fi ara gbo lè ta iná tí ojú kò rí.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni olórí gbogbo rẹ̀: epo àti èrò kò gbọdọ̀ jọ gun alùpùpù kan. Ẹ so ó dáadáa sẹ́yìn, kí ó dúró ṣánṣán. Ẹ má fi sí itan, ẹ má fi sáàárín ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé epo, ẹ má gbé ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá délé, ẹ da ìyókù sínú táńkì, kí ẹ má gbé e wọ yàrá. Ilé tí bẹntiróò àti epo sítóòfù bá ti jọ wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó jọra, àṣìmú kan péré ni ó kù. Ẹ sì rántí ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024 ní Bódìjà. Ohun abúgbàù tí a kó pamọ́ sínú ilé kan ni ìjọba ní ó fa á, ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ wà lára èyí tí ó wó. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, owó yín ni ẹ fi ń gun alùpùpù. Bí ẹ bá rí kẹ́ẹ̀gì epo lórí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, gbé e kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó wọ òmíràn." Bí mẹ́wàá nínú yín bá sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àṣà náà yóò yí padà ju bí ọlọ́pàá ṣe lè yí i lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò táńkì yìí. Wọn yóò gbé e délé fún bàbá wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.