ORIN TA NI À Ń KỌ?



Ẹni tí ó bá gba Ìlódè kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yóò gbọ́ bí àwọn akọrin ìjọ ṣe ń múra sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó mú ohùn orin lóde òní, ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, amapiano sì ni, èyí tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Asake, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nílùú wa yìí, po ó mọ́ fújì nínú àwo rẹ̀ ti 2022. Ní báyìí, bí orin kò bá ti dún bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a ní orin àwọn ìyá àgbà ni.

A kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Shina Peters gbé "Ace" jáde ní 1989, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú ni ó mú ìlù tiwọn yá. Àwọn bàbá wa nínú ìjọ pàápàá ṣe àwòkọ. Wọ́n gba ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì há ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, orin a máa sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ń fi gbogbo ọkàn kọrin ọ̀run, ọrùn ni etí ń gbọ́. (Ẹ máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́ dàgbà.) Ẹni-ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, gba ọ̀nà mìíràn: ohùn ilẹ̀ wa ni ó fi kọ orin ìyìn, ó sì kọ 43 sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé arábìnrin kan wà láàárín akọrin wa tí ó máa ń gba orin tuntun. Orin rẹ̀ a máa bá ọ̀rọ̀ rìn, àwọn ènìyàn a sì máa kọ ọ́ lọ sílé. Ó ti tó ọdún méjì tí kò mú ọ̀kankan wá mọ́, nítorí wọ́n ní kò bá ìgbà mu. A béèrè ìtumọ̀ orin tí wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀, àwọn ọmọ náà ń wo ojú ara wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní àpètúnpè, ìlù ni ó gba ìyókù. Ẹ lọ ka ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nípa orin àti òye nínú 1 Kọ́ríńtì 14.

A ti ní kí arábìnrin náà mú orin rẹ̀ wá ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lu amapiano sí i, kí wọ́n lù ú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ́, láìsí ìlù rárá. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè dé. Aago márùn-ún ni a ó bẹ̀rẹ̀.