Wákàtí Mẹ́jọ ní Bahia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi tó títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun tí mo bá lọ gbafẹ́ gúnlẹ̀ sí èbúté Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl. Wákàtí mẹ́jọ péré ni wọ́n fún wa láti fi najú nínú ìlú. Ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ kò ní dúró dè é.

Àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú ọkọ̀ náà tẹ̀lé amọ̀nà kan. A ya ọjà Mercado Modelo, tó jẹ́ ilé àwọn aṣọ́bodè láyé àtijọ́. A wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí òkè láti ọdún 1873. Lẹ́yìn náà ni a dé Pelourinho, àdúgbò aláràbarà tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Kálukú ń ya fọ́tò. Amọ̀nà kò sọ, àwa náà kò sì béèrè, pé ohun tí orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí ni òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà án.

Ní ìkóríta kan, a bá ìyá kan tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè, tó ń din àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ti ba èdè wa jẹ́!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìyá náà bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ohun tó ń tà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó la àkàrà sí méjì, ó ki edé bọ̀ ọ́, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Lójú tèmi, àwa ni a jẹ̀bi. Àkàrà àti jíjẹ ló wà nínú orúkọ náà. Ẹni tó bá tẹ́tí yóò gbọ́ ọ. Àwọn tó gbé e dé ibẹ̀ kò wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ẹrú ni wọ́n kó wọn. Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá nílùú yẹn, àwọn Nagô tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó dìde ogun sí àwọn amúnisìn ní Salvador ní oṣù Kìíní ọdún 1835. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá ní Bràsíl. Síbẹ̀, orúkọ oúnjẹ náà kò sọnù. Ní 2005, ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè.

Nílé wa ńkọ́? Ilé-ìwé ṣì wà tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ta wá ni ó yẹ kó kọ́ ta lẹ́kọ̀ọ́?

Ẹnì kan lè ní ìgbafẹ́ ni a bá lọ, a kò lọ ṣọ̀fọ̀. Òótọ́ ni. Ìgbafẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wákàtí mẹ́jọ kò sì tó mọ ìlú. Ṣùgbọ́n ó tó láti jókòó ti èèyàn kan. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin ará, ni pé bí ọkọ̀ bá gbé yín débẹ̀, ẹ fi ojúlé kan tàbí méjì sílẹ̀ láìwò. Ẹ ra àkàrà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dín in ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá dé ojúbọ Candomblé, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó yọ fóònù, nítorí ilé ìsìn ni, kì í ṣe ibi ìwòran.

Nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún, mo sáré padà lọ bá ìyá náà. Mo kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń ṣe.